Òkúta Ẹ̀yìn Sítóòfù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi la òkúta ní Galísíà,
etí kan ni mo fi san owó rẹ̀;
èkejì ń gbọ́ràn bí ẹni tó wà nínú kànga.
Nígbà tí Obdulia ní akọ òkúta ló wu òun
sí ògiri ẹ̀yìn sítóòfù,
mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí,
ṣé a ò tíì jẹ eruku rẹ̀ yó ni?"

Kò dá mi lóhùn. Ó ń nu epo ẹja
lára ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Nígbà tó di Sátidé, ó gbé báàgì, ó gbé mi,
ó di àgbàlá Amancio.

Níbẹ̀ ni òkúta dúró sí, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ,
bí ìwé ńlá tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí.
Ọ̀kan pọ́n bí ẹran ẹja samọ́nì,
ọ̀kan funfun, ó kún fún àmì wínníwínní bí ẹyin awó,
ọ̀kan dúdú, ó ń dán,
mo rí irun imú mi nínú rẹ̀.
Amancio ń pe orúkọ wọn bí tíṣà tó ń pe ọmọ iléèwé,
orúkọ tí àwa tí a wa wọ́n jáde kò gbọ́ rí.
Lọ́dọ̀ tiwa, "èyí tó le" ni, "èyí tó ń purọ́,"
"èyí tó jẹ àtàǹpàkò Fiz."

Obdulia ṣí báàgì.
Òróró ólífì nínú ìgò oògùn ikọ́,
ààbọ̀ ọsàn kíkan, ata pupa lílọ̀ nínú bébà.
Ó kán òróró sórí àfọ́kù tí Amancio fi ń ṣe àpẹẹrẹ,
ó fún ọsàn sí i, ó bu ata lé e,
ó fi ìka rà á bí ẹni ń fi òrí ra ọmọ tuntun lára.
Amancio ní, "Ìyáàfin, òkúta ni o, kì í ṣe ẹran díndín."
Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.
Èmi ni n ó máa nù ún, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ilẹ̀ mọ́. Èyí tó funfun ti mu òróró,
àpá rẹ̀ hàn bí òógùn lẹ́yìn ẹ̀wù.
Èyí tó pọ́n gba ata mọ́ra, kò jẹ́wọ́.
Dúdú ò gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n Obdulia ní
òun ò lè máa wo ojú ara òun láàárọ̀
kí òun tó ya irun.

Ìgbà náà ló rí ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀rọ omi,
aláwọ̀ eérú, bí ojú ọ̀run wa nígbà òtútù,
kókó dúdú kan láàárín rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́.
"Èyí ńkọ́?"
"Àléébù nìyẹn. Ibojì ni a gé e fún,
àwọn ẹbí kọ̀ ọ́ nítorí kókó yẹn. Ìdajì owó."

Òkúta.
Òkú ta ni?
Mi ò bi í. Ọwọ́ mi ti wà lórí kókó náà.

Mo mọ̀ ọ́n. Bí irin bá kan ibẹ̀, ohùn òkúta a yí,
a rẹlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.
Ọ̀gá wa a ní ká tì í sínú kòtò.
Fiz nìkan ni kì í fẹ́; á ní
òkúta mìíràn tó dàgbà jù ú ló gbé mì,
kò tíì dà nínú rẹ̀ títí dòní.
Fiz ti lọ. Eruku ló mú un lọ, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà:
"Ẹ má gé e kúrò o."
Obdulia wò mí. Ó ti ń ka owó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀ lápá òsì,
mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́.
Kókó náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì iná.
Obdulia a máa kùn pé àbàwọ́n yìí kì í kúrò,
á gbàgbé, á tún fi ọṣẹ ha á.

Bó bá ti sùn, mo máa ń gbé etí tó kù lé e.
Ó móoru.
Ìkòkò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.